Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí Irin, Sìǹkì àti Bàbà Ń Ṣe Nínú Ìfun Tó Ń Ṣàìsàn

Ní Ọ̀wẹnà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, lójú ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, kò sí àgbẹ̀ kòkó tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ tó ti ṣá kì í mú èso jáde bó ṣe yẹ. Irin, sìǹkì, bàbà àti máńganíìsì tí igi kòkó ń fà láti inú ilẹ̀ ni ara ènìyàn náà ń fà láti inú oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tó lè mú kí ènìyàn máa jẹun àjẹyó kí àwọn èròjà kéékèèké wọ̀nyí má sì dé ibi tó yẹ kí wọ́n dé: àìsàn ìfun tó ń wú, tó ń degbò, tó ń lọ tó sì ń padà wá. Nítorí ẹni tó ti ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, àti nítorí ìyá, ọkọ tàbí ọmọ tó ń gbọ́ oúnjẹ rẹ̀, a ṣa àwọn ìyanu wọ̀nyí jọ.

1. Ṣé o mọ̀ pé gbogbo irin inú ara àgbàlagbà kò ju gíráàmù 3 sí 4 lọ?
Bí alágbẹ̀dẹ bá lè kó o jọ, ìṣó kékeré kan ṣoṣo ni yóò rí rọ níbẹ̀. Sìǹkì, èyí tí wọ́n fi ń bo páànù ilé kó má baà tètè dípẹtà, jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 2 sí 3 nínú ara. Bàbà jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 100, sẹlẹ́níọ̀mù kò tó mílígíráàmù 20, kóbáltì kò sì ju mílígíráàmù 1 sí 2 lọ. Síbẹ̀, irin ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù tó lé ní 300 kò lè ṣiṣẹ́ láìsí sìǹkì. Ohun tó kéré báyìí kì í pẹ́ tán bí ohun tó ń wọlé kò bá tó ohun tó ń jáde.

2. Ṣé o mọ̀ pé oríṣi méjì ni àìsàn ìfun yìí pín sí jù lọ?
Èkíní ni àìsàn Crohn, tó lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, tó sì máa ń jẹ ìfun wọnú. Ibi tó fẹ́ràn jù ni ìparí ìfun kékeré. Ọdún 1932 ni Burrill Crohn, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer kọ̀wé nípa rẹ̀ ní New York, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kennedy Dalziel, oníṣẹ́ abẹ ará Scotland, ti ṣàpèjúwe irú rẹ̀ ní 1913. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní ulcerative colitis. Ìfun ńlá nìkan ni ó ń mú, apá ìsàlẹ̀ ló sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Samuel Wilks ti London ló lo orúkọ yẹn ní 1859. Nínú méjèèjì, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa gbógun ti kòkòrò àrùn ló yíjú sí ìfun fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń bá a jà. Ní 2017, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 6.8 ló ní àìsàn yìí káàkiri ayé.

3. Ṣé o mọ̀ pé àìsàn yìí wà láàárín àwa náà?
Fún ìgbà pípẹ́, àwọn dókítà gbà pé àìsàn àwọn aláwọ̀ funfun ni. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó ṣiṣẹ́ ní Uganda, sọ ọ́ káàkiri ayé pé àwọn àìsàn ìfun tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará abúlé Áfíríkà, ó sì ka oúnjẹ wa tó kún fún ṣakaṣaka (fáíbà) sí ohun tó fà á. Ó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ó wà. Ní 2012, àwọn dókítà láti ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà, tí Alatise ti Ilé-Ifẹ̀ àti Otegbayo ti Ìbàdàn wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn aláìsàn irú èyí tí àwọn fúnra wọn tọ́jú. Ohun tó ń mú kó ṣòro láti dá mọ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé kòkòrò àmíbà lè mú ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ wá, kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ sì lè bá ìfun jà lọ́nà tó jọ àìsàn Crohn bí ìbejì. Ó léwu láti ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, torí pé àwọn oògùn kan tó ń tu ìfun tó wú lára lè fún ikọ́ ẹ̀gbẹ lágbára sí i.

4. Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ènìyàn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ irin?
Ara ìfun kékeré ni irin máa ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà kan sì wà níbẹ̀ tó ń ṣí tó sì ń tì bí ilẹ̀kùn. Họ́mọ̀nù kan tó ń jẹ́ hepcidin, tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní nǹkan bíi ọdún 2000 sí 2001 ni àwọn onímọ̀ ní Jámánì àti Amẹ́ríkà rí họ́mọ̀nù yìí, nígbà tó sì di 2004, Elizabeta Nemeth, Tomas Ganz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi bó ṣe ń tilẹ̀kùn hàn. Bí ìfun bá wú, ara á rò pé kòkòrò ló wọlé. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ kòkòrò ti nílò irin kó tó lè pọ̀ sí i, ẹ̀dọ̀ á tú hepcidin jáde, ilẹ̀kùn á tì. Ẹni náà lè jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù láàárọ̀ kó jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lálẹ́, kí èyí tó pọ̀ jù nínú irin inú wọn bá ìgbẹ́ jáde. Ìdí rèé tí àìtó ẹ̀jẹ̀ fi wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláìsàn ìfun, tó sì máa ń ṣe nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta wọn.

5. Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ṣíbí tíì méjì lóòjọ́ ti ju ohun tí oúnjẹ lè dá padà?
Nǹkan bí ìdajì mílígíráàmù irin ló wà nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ṣíbí tíì méjì jẹ́ mílílítà 10, ìyẹn ni pé irin mílígíráàmù 5 ti lọ. Bẹ́ẹ̀, mílígíráàmù 1 sí 2 péré ni ìfun tó dá ṣáṣá máa ń gbà wọlé lójúmọ́. Kò dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà bí omi kí wàhálà tó dé. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ènìyàn ń rí lára ìgbẹ́ fún oṣù mélòó kan tó láti sọ ọ́ di ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì bó bá gun òkè kékeré, tí ojú rẹ̀ funfun, tí oko kò sì ṣeé lọ mọ́.

6. Ṣé o mọ̀ pé oògùn oníhóró tó ń fún ènìyàn ní irin lè má ṣiṣẹ́ nígbà tí ìfun ń gbóná?
Bí ilẹ̀kùn bá tì, èyí tó pọ̀ jù nínú irin inú oògùn náà á bọ́ sí ìfun ńlá, níbi tí kòkòrò àìfojúrí àìmọye ń gbé. Ó lè yí irú kòkòrò tó wà níbẹ̀ padà, ó sì lè mú inú rírun wá. Nítorí náà ni ìlànà àwọn dókítà ìfun ní Yúróòpù, tí wọ́n tún ṣe ní 2015, fi sọ pé bí àìsàn bá ń jà lọ́wọ́, tàbí bí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ (hemoglobin) bá wà nísàlẹ̀ gíráàmù 10 nínú dẹsilítà kan, inú iṣan ni kí wọ́n kọ́kọ́ máa gba fún aláìsàn ní irin. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: irin tí ènìyàn gbé mì máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Kí ẹni tó ń lò ó sọ fún dókítà, kí wọ́n má baà ṣì í mú fún ẹ̀jẹ̀, tàbí kí wọ́n ṣi ẹ̀jẹ̀ mú fún un.

7. Ṣé o mọ̀ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé irin kún inú ara nígbà tó ti gbẹ?
Ferritin ni èròjà tí ara fi ń tọ́jú irin pa mọ́, òun náà sì ni wọ́n máa ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ara bá ń wú níbì kan, ferritin á gòkè fúnra rẹ̀. Fún ẹni tí kò ní ìfun wíwú, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ màíkírógíráàmù 30 nínú lítà kan ni wọ́n ń kà sí pé irin kò tó. Fún ẹni tí ìfun rẹ̀ ń jà lọ́wọ́, ó lè tó 100 kí irin ṣì má tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni sìǹkì inú ẹ̀jẹ̀ máa ń relẹ̀ torí pé ẹ̀dọ̀ ti fà á sọ́dọ̀, tí bàbà inú ẹ̀jẹ̀ sì máa ń gòkè. Dókítà tó mọṣẹ́ á wo àyẹ̀wò ìfun wíwú mọ́ ọn kó tó sọ̀rọ̀. Ó dára kí aláìsàn béèrè pé, “Dókítà, ṣé ẹ ti wo ti ìfun tó ń wú mọ́ ọn?”

8. Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ amọ̀ ló kọ́ ayé pé sìǹkì ṣe pàtàkì?
Ní 1958, ní ìlú Shiraz ní Iran, wọ́n fi aláìsàn kan han Ananda Prasad, dókítà ọmọ Íńdíà. Ọmọ ọdún 21 ni, ṣùgbọ́n ó rí bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Búrẹ́dì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oúnjẹ rẹ̀, ó sì tún ń jẹ amọ̀. Prasad wá inú rẹ̀ débi pé ó rí i, lẹ́yìn ìwádìí síwájú sí i ní Íjíbítì, pé àìtó sìǹkì ló dá irú ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀ dúró. Èròjà kan tó ń jẹ́ phytate nínú èèpo ọkà máa ń di sìǹkì àti irin mú, amọ̀ náà sì máa ń dè wọ́n. Aboyún tó ń jẹ ẹfun ní ọjà wa, kó mọ̀ pé ẹfun náà lè gba irin oúnjẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ní àìsàn ìfun tí kò ga mọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dàgbà jù ú lọ, ó yẹ kí wọ́n wo sìǹkì rẹ̀.

9. Ṣé o mọ̀ pé ìgbẹ́ gbuuru ń kó sìǹkì jáde, pé sìǹkì náà sì ń bá a wí?
Ní 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru ní sìǹkì pẹ̀lú omi oníyọ̀ àti ṣúgà: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, mílígíráàmù 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ní ti àìsàn Crohn, àwọn dókítà ní Padua, ní Ítálì, fún aláìsàn 12 ní sìǹkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Ìfun wọn tó ń jò, tó ń jẹ́ kí ohun tí kò yẹ gba ara rẹ̀ kọjá, dì padà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ènìyàn 12 kéré láti fi sọ̀rọ̀ ìwòsàn. Ohun tí ìwádìí náà fi hàn ni pé sìǹkì lọ́wọ́ nínú bí ògiri ìfun ṣe ń dì mọ́ra.

10. Ṣé o mọ̀ pé ara máa ń fi sìǹkì pa mọ́ fún kòkòrò àrùn?
Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré lọ síbi tí ìfun ti wú kún fún èròjà kan tó ń jẹ́ calprotectin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba sìǹkì àti máńganíìsì mú, kí ebi lè pa kòkòrò tó bá fẹ́ bí sí i níbẹ̀. Kòkòrò Salmonella ti rí ọgbọ́n dá sí i: ó ní ohun èlò alágbára tó fi ń já sìǹkì gbà, ìdí nìyẹn tó fi ń gbilẹ̀ nínú ìfun tó wú nígbà tí àwọn kòkòrò mìíràn ń kú. Ìyanu tó tún wà níbẹ̀ ni pé calprotectin yìí gan-an ni wọ́n ń wá nínú ìgbẹ́ láti fi mọ̀ bóyá ìfun ń wú. Ìgbẹ́ díẹ̀ nínú ike kékeré lè sọ fún dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà wo inú ìfun.

11. Ṣé o mọ̀ pé èròjà kóbáltì kan ṣoṣo ló jókòó sí àárín fítámì B12?
Dorothy Hodgkin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ìtànṣán X tú àṣírí bí B12 ṣe rí, ó sì parí rẹ̀ ní 1956. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1964, orílẹ̀-èdè Ghana ni ìròyìn náà ti bá a, torí pé Yunifásítì Ghana ni ọkọ rẹ̀, Thomas Hodgkin, ti ń ṣiṣẹ́. Ìparí ìfun kékeré ni ara ti máa ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú B12 wọlé, ibẹ̀ kan náà sì ni àìsàn Crohn fẹ́ràn jù. Ẹni tí wọ́n bá gé ibẹ̀ gígùn kúrò lára ìfun rẹ̀ lè máa gba abẹ́rẹ́ B12 títí ayé. Ẹ̀dọ̀ sì máa ń tọ́jú B12 tó lè tó ọdún mélòó kan, nítorí náà àìtó rẹ̀ lè pẹ́ kó tó fara hàn: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa ta bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, ìgbà tí ènìyàn á sì fi fura, ó lè ti ba iṣan jẹ́.

12. Ṣé o mọ̀ pé bàbà tí wọ́n fi ń fín kòkó ní Ọ̀wẹnà ti inú oko àjàrà wá?
Ní agbègbè Bordeaux ní Faransé, àwọn àgbẹ̀ máa ń po bàbà mọ́ ẹfun ilé, wọ́n á fi ra àjàrà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kí àwọn tó ń kọjá má baà jí i jẹ. Pierre-Marie-Alexis Millardet ṣàkíyèsí pé àwọn àjàrà náà kì í ṣàìsàn bí ti inú oko, ó sì tẹ ìmọ̀ náà jáde ní 1885. Ọgbọ́n yẹn ló di oògùn tí a fi ń lé àrùn tó ń sọ ọmọ kòkó di dúdú nígbà òjò. Ọ̀wẹnà wà lára ibi tí Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ti ní ẹ̀ka. Ara nílò bàbà, àmọ́ èyí tí oúnjẹ ní ti tó o. Ẹni tó bá gbé bàbà oògùn kòkó mì lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kí ìfun rẹ̀ sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, àgbá àti ike tí a ti fi po oògùn kòkó, kí ẹnikẹ́ni má fi pọn omi mímu mọ́, kódà bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá.

13. Ṣé o mọ̀ pé sìǹkì àlòjù lè gba bàbà lọ́wọ́ ènìyàn?
Ẹni tó bá ń gbé sìǹkì púpọ̀ mì fún oṣù púpọ̀ láìgba àṣẹ dókítà máa ń dènà bàbà kó má baà wọlé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín kù, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Oníṣòwò kan á ní kí o lo ìgò méjì, àǹtí kan á ní kí o lo mẹ́ta. Jẹ́ kí àyẹ̀wò àti dókítà sọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí wàá dá a dúró.

14. Ṣé o mọ̀ pé sẹlẹ́níọ̀mù tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́ kò ju màíkírógíráàmù 55 lọ?
Jöns Jacob Berzelius ti Sweden ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1817, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí májèlé nìkan. Ní 1973 ni wọ́n fi hàn pé ó wà nínú ẹ́ńsáìmù kan tó ń gba sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ìjóná tí ara wíwú ń fà. Ìwádìí léraléra ti rí i pé ó máa ń kéré nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn ìfun yìí. Ẹja, edé àti ẹyin ló ní in dáadáa nínú oúnjẹ wa.

15. Ṣé o mọ̀ pé ọgbọ́n ìdáná àwọn ìyá wa ti ń tú èròjà sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́?
Bí àgbàdo bá kan nínú omi kó tó di ògì, phytate inú rẹ̀ á dín kù, irin àti sìǹkì á rí ààyè wọlé. Rírẹ ẹ̀wà sómi àti ṣíṣe irú náà ní èrè tiwọn. Irin inú ẹran, ẹja, ẹ̀dọ̀ àti ìgbín rọrùn fún ìfun láti gbà ju ti ẹ̀fọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọsàn, gúáfà tàbí ìbẹ́pẹ lẹ́yìn oúnjẹ máa ń ran ti ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Tíì àti kòkó mímu máa ń dènà rẹ̀, ó sàn kí oúnjẹ dà díẹ̀ kí ènìyàn tó mu wọ́n. Ní Ethiopia, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ìkòkò irin se oúnjẹ fún gòkè ju ti àwọn tí wọ́n ń fi ti alumíníọ̀mù se fún. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ti há nìkan ni kó ṣọ́ra: ṣakaṣaka ọsàn, èèpo àgbàdo àti okùn ẹ̀fọ́ lè dí i. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ ẹ̀fọ́ kúnná, kó sè é rọ̀, kó sì mu omi ọsàn tí wọ́n ti sẹ́.

16. Ṣé o mọ̀ pé kò sí èròjà kankan nínú ìwọ̀nyí tó ń wo àìsàn náà sàn?
Oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìfun ló ń ṣí ilẹ̀kùn padà. Nígbà tí ìfun wíwú bá rọlẹ̀, hepcidin á dín kù, ẹ̀jẹ̀ á dúró, oúnjẹ inú ìkòkò á sì padà di oúnjẹ inú ara. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí ènìyàn ń mu láti oṣù dé oṣù lórí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ó sì ń jẹ́ kí ọgbẹ́ inú máa jinlẹ̀ sí i. Bí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bó bá ń jí ènìyàn lójú oorun, bí ara bá ń rù, bí ọmọ kò bá dàgbà mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn. Láti Ọ̀wẹnà, Àkúrẹ́ wà lápá kan, Oǹdó wà lápá kejì, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn sì wà ní ìlú méjèèjì. Bó bá kọjá agbára wọn, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Bí o bá débẹ̀, sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láìtijú, sọ iye ìgbà tí o ń yàgbẹ́ lóòjọ́, sọ gbogbo àgbo àti oògùn tí o ti lò. Lẹ́yìn náà, béèrè ohun mẹ́rin: irin mi ńkọ́, sìǹkì mi ńkọ́, B12 mi ńkọ́, ṣé kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń bá ìfun mi jà?